Ìyá Kí-Ló-Ṣáájú: Ìgbésí Ayé Màmá Wa, Nọ́ọ̀sì Tí Kì Í So Ọwọ́ Ènìyàn

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ọdún 1951 ni wọ́n bí Màmá wa sí ẹ̀yìn ilé káfíńtà kan tó ń kan àga àti ilẹ̀kùn. Káfíńtà náà ni bàbá wọn. Ìyá wọn ń ránṣọ ní yàrá iwájú. Ẹsẹ̀ Màmá kò gbélẹ̀ láti kékeré. Ìyá wọn a máa ní ọmọ yìí kò ní jókòó jẹun láéláé, bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Ní ọdún 1957 ni wọ́n bí àbúrò wọn kan ṣoṣo. Òye ọmọ náà kò yá bíi ti ẹgbẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ kò sì yọ lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́rin, ó bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹ̀ṣẹ́ gbá ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ á fi jáde. Àwọn aládùúgbò ní àfàìmọ̀ kó má ṣekú pa ara rẹ̀. Aṣọ tó ṣẹ́kù lábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ ni wọ́n fi ń so ọwọ́ rẹ̀ mọ́ àga, Màmá wa ni wọ́n sì mọ̀ ọ́n so jù.

Ní ọdún 1963, dókítà eyín kan wá sí ilé-ìwé Màmá. Màmá sáré lọ fa àbúrò wọn wá, wọ́n fi í sórí ìlà láìbéèrè lọ́wọ́ olùkọ́. Eyín inú méjì ti jẹrà, ọyún ti gba abẹ́ wọn. Dókítà yọ méjèèjì, kò sì pé ọ̀sẹ̀ kan tí ẹ̀ṣẹ́ náà fi dáwọ́ dúró. Màmá kò dárí ji ara wọn rí. “Ọdún méjì gbáko ni mo fi so ẹni tí eyín ń dùn!” A gbọ́ gbólóhùn yẹn débi pé a mọ̀ ọ́n sórí.

Wọ́n wọ ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní ọdún 1970. Ní 1973, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn tí òye wọn kò yá, ibẹ̀ ni wọ́n sì wà fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Wọ́n bá àwọn kan nínú ìbọ̀wọ́ nínípọn, àwọn kan nínú àṣíborí, àwọn mìíràn nínú ìdè, kí wọ́n má bàa ṣe ara wọn léṣe. Màmá mú pẹ́ńsù. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan okùn, kó kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀: kí ló ṣáájú, kí ni ẹni náà ṣe, kí ló tẹ̀lé e? Ibẹ̀ ni orúkọ ìnagijẹ wọn ti wá. Bí àwo bá fọ́ nílé, wọn kì í nà wá. Ìbéèrè náà ni. Nígbà mìíràn, à bá kúkú gba ẹgba.

Arábìnrin kan wà níbẹ̀ tó máa ń bu ọwọ́ ara rẹ̀ jẹ. Ìwé Màmá fi hàn pé ìgbà tí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́ ni. Ó ti rí i pé bí ẹ̀jẹ̀ bá yọ, gbogbo ayé á sáré wá. Màmá kọ́ ọ láti fọwọ́ kan páálí tí wọ́n ya ife sí. Oṣù méje ló gbà. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ nawọ́ sí páálí náà fúnra rẹ̀, Màmá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n sunkún bí ọmọdé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ló rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi ẹ̀ṣẹ́ fọ́ ojú ara rẹ̀ kan kí ìwé náà tó fún wọn lésì. A kì í dá ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ nílé wa.

Wọ́n fẹ́ Bàbá wa, apínlẹ́tà, ní ọdún 1977, lórí àdéhùn pé àbúrò wọn á bá wọn lọ. Bàbá a máa ní ìyàwó kan lòun lọ fẹ́, ẹni méjì ló délé, ẹni kejì ló sì gba àga tó dára jù. Bọ̀dá ni Màmá ní kí àwa ọmọ máa pe àbúrò wọn, a kò sì gbọdọ̀ fi “ìwọ” bá wọn sọ̀rọ̀.

Màmá gba Ọlọ́run gbọ́, wọn kò sì pa ìsìn jẹ. Nígbà kan, alàgbà ní kí wọ́n mú Bọ̀dá jáde nítorí pé wọ́n ń gbá ara wọn lẹ́ṣẹ̀ẹ́. Màmá bi alàgbà léèrè ohun tó ṣáájú. Àṣé ẹ̀rọ gbohùngbohùn ló kọjú sí etí Bọ̀dá! Wọ́n yí i padà, gbogbo àgbàlagbà ìjọ sì dúpẹ́ pé etí àwọn náà sinmi.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá ọdún 2024, ibi tí Màmá ti ń wá bàtà wọn láti jáde ni ọlọ́jọ́ dé. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni wọ́n.

Ọdún mọ́kànlá ni Bọ̀dá kò fi gbá ara wọn. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fi di Ọjọ́bọ̀, ojú wọn ti wú, mọ̀lẹ́bí kan sì ní kí a wá ibi tí wọ́n á ti máa dè wọ́n. Kí a má purọ́ níwájú òkú: àkọ́bí tó ń kọ ìwé yìí fa aṣọ ìbùsùn ya, ó so ọwọ́ ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin mọ́ àga. Kò tíì ta kókó kejì tí ìbéèrè Màmá fi sọ sí i lọ́kàn. Ojú tì í. Ó tú u, ó lọ wá pẹ́ńsù.

Ohun tó ṣáájú ni àwa, àti ẹ̀yin. Màmá kì í wọ yàrá Bọ̀dá láìkan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n sì dúró títí Bọ̀dá á fi kan ògiri padà lẹ́ẹ̀mejì. Láti ìgbà tí Màmá ti lọ, àwọn tó wá kí wa kú àráfẹ́rakù ń ṣí ilẹ̀kùn náà gbàgà, wọ́n ń fi igbe rọ̀ mọ́ Bọ̀dá. Ọjọ́ Ẹtì la bẹ̀rẹ̀ sí kanlẹ̀kùn. Ẹ̀ṣẹ́ mẹ́tàdínlógún la kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, mẹ́sàn-án lọ́jọ́ kejì, mẹ́rin lọ́jọ́ tí a gbé ìwé yìí lọ fún atẹ̀wé. Ọkàn wa kò tíì balẹ̀, nítorí èrò ìsìnkú òní á pọ̀.

Àwọn tó gbẹ̀yìn Màmá ni Bọ̀dá, ọkọ wọn, ọmọ mẹ́ta (olùkọ́, oníná mànàmáná àti nọ́ọ̀sì), pẹ̀lú ọmọ-ọmọ méje.

Bọ̀dá á jókòó níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dì mọ́ wọn láti ẹ̀yìn. Bí wọ́n bá gbé ọwọ́ sókè, kí ẹnikẹ́ni má di ọwọ́ náà mú. Bí wọ́n bá sì kan pósí lẹ́ẹ̀mejì, tí wọ́n dúró, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wọn dúró.

Ẹ sùn re o, Màmá.