Ọkọ̀ Tí Mo Fi Ohùn Alhaji Tà

Sátidé, lẹ́yìn ìrun alẹ́

Eré ni mo pè é o. Ọlọ́run rí mi.

Katamaráànì tòkúnbọ̀ méjì ni bàbá mi ń wò, ọkọ̀ onígbòkun kékeré tó ní ara méjì, kí gbogbo ilé lè máa gbafẹ́ lórí ọ̀sà. Ti Alhaji, àgbàlagbà tó ń ta ọ̀kan nínú wọn, ti ṣá, àmọ́ ó le.

Lánàá mo fi fóònù ọ̀rẹ́ mi pe bàbá mi, mo wúkọ́ bíi Alhaji: "Ọmọ mi, mo ti ta ọkọ̀ yẹn o." Mo rò pé wọ́n á pariwo ni, kí n wá bú sẹ́rìn-ín.

"Alihamudulilai," ni wọ́n ní. Àṣé wọ́n ti ṣe àdúà pé kí Ọlọ́run fi èyí tó dáa hàn wọ́n. Wọ́n gbà pé èsì nìyẹn.

Lónìí a lọ wo ìkejì. Ó ń dán, àmọ́ mo fìka tẹ abẹ́ ẹ̀, ó rọ̀ bíi búrẹ́dì. Àbúrò mi ò mọ̀wẹ̀ o.

Nírọ̀lẹ́ mo tún di Alhaji: "Ẹni tó rà á ti yí ọkàn padà o, ọkọ̀ ṣì wà."

"Ẹ má bínú, Alhaji. Ọlọ́run ti dá mi lóhùn."

Mo lọ bá wọn ní pálọ̀. "Bàámi…"

Wọ́n rò pé mo tún fẹ́ ṣeré, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ta lo tún ń sín jẹ?"

"Èmi ni."

Mo jẹ́wọ́ pé èmi ni Alhaji orí fóònù, mo sì sọ ti abẹ́ ọkọ̀ kejì tó rọ̀. Wọn ò nà mí. Wọ́n kàn gbé bútà, wọ́n tún lọ ṣe àlùwàlá.