Iyọ̀ Tí Wọ́n Ní Ó Ń Bí Ọkùnrin

Baba àwọn ọmọ mi,

Ẹ kú ilé, ẹ sì kú àárò mi. Ara mi le bí òkúta, ẹ má gbọ́ ti ẹni tó bá ní mo rù.

Àbíkẹ́yìn wa tí mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ń ṣe dáadáa. Ọkọ rẹ̀ ní ọmọbìnrin mẹ́ta tí wọ́n ti bí ti tó. Ó ní kí ó tó tún lóyún, kí ó máa jẹ ẹja oníyọ̀, kí ó má fẹnu kan mílíìkì, pé ìyẹn ló máa fi bí ọkùnrin. Ẹsẹ̀ ọmọ wa wú díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń rẹ́rìn-ín.

Lánàá, nídìí oúnjẹ, mo da mílíìkì sínú ife rẹ̀ lójú ọkọ rẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ ní, "Màmá, ṣé ẹ ò fẹ́ ká bí ọkùnrin ni?"

Mo ní, "Àna mi, bí iyọ̀ bá ń bí ọkùnrin, ilé àwọn tó ń ta iyọ̀ ì bá ti kún fọ́fọ́ fún ọkùnrin. Obìnrin márùn-ún ni mo bí, n ò sì torí ẹ̀ tẹrí ba fún ẹnikẹ́ni. Ọkọ mi ò fi iyọ̀ lọ̀ mí rí."

Ọmọ wa mu ún tán. Láti ìgbà náà, ọkọ rẹ̀ ò bá wa sọ̀rọ̀ mọ́. Ilé tòrò, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn.

Ẹ bá mi kí àwọn ọmọ wa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kí wọ́n ṣí fèrèsé yàrá tí àbúrò wọn ń sùn tẹ́lẹ̀, kí wọ́n sá bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sóòrùn. Kí afẹ́fẹ́ lè wọlé ni o. Kí wọ́n sì wá ẹní kéékèèké mẹ́ta sí i.

Èmi ìyàwó yín, ìyá obìnrin márùn-ún.