Iná Pupa ní Oríta Tó Ṣófo

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ọmọ ọwọ́ rẹ, mo sì kí ọkọ rẹ pẹ̀lú, bí n kò tilẹ̀ mọ̀ bóyá ó fẹ́ gba ìkíni mi lásìkò yìí. Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá gbogbo yín nínú ìlera. Ara tèmi le, àyàfi orúnkún tó ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́ bí mo bá ń gun àtẹ̀gùn ọ́fíìsì.

Mo ti ka lẹ́tà tí o fi ránṣẹ́ dípò kí o wá sílé. O ní o ò ní bàbá mọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, n kò ní purọ́ fún ọ. Ìyá rẹ náà kò bá mi sọ̀rọ̀. Bó bá gbé oúnjẹ wá, ṣe ló ń gbé e kalẹ̀ bí ẹni pé èmi ni àlejò tí kò sẹ́ni tó pè é. Mo fẹ́ kí o gbọ́ bó ṣe jẹ́ lẹ́nu èmi tí mo jókòó sínú ọkọ̀ náà.

O mọ̀ pé iṣẹ́ mi ni láti dán àwọn tó fẹ́ gba ìwé ìwakọ̀ wò. Nígbà tí mo rí ọkọ rẹ láàárín àwọn tó tò, mo lọ bá ọ̀gá wa, mo ní àna mi nìyẹn, kí ó ní kí ẹlòmíràn dán an wò. Ó ní, "Ara ẹni tí ẹ jọ ń ṣe iṣẹ́ yìí ò yá, kò sẹ́lòmíràn. Ṣebí àna yín ni? Ó ti yege nìyẹn." Gbogbo ọ́fíìsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Kí ọkọ rẹ tó ṣáná sọ́kọ̀, ó gbàdúrà. Ó ní kí Ọlọ́run tó ń rí ohun gbogbo wà pẹ̀lú òun. Mo ṣe àmín tọkàntọkàn, torí mo mọ̀ pé iṣẹ́ bọ́ọ̀sì iléèwé ń dúró dè é, mo sì mọ bó ti pẹ́ tó tó ti ń wáṣẹ́. Ó wakọ̀ dáadáa. Ó fi ẹ̀yìn ọkọ̀ wọ àárín òpó méjì tí a rì fún ìdánwò wọ́ọ́rọ́wọ́, inú mi ti ń dùn.

A dé oríta tó wà níbi tí wọ́n ti ń la pákó, iná pupa tàn. Kò sí ọkọ̀, kò sí ẹlẹ́sẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó kọjá. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Bàbá, kò mà sẹ́nì kankan níbẹ̀." Mo ní, "Ẹni tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ bá sọ̀rọ̀ tán ńkọ́?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ilé kan náà la wà. Tó bá jẹ́ àjèjì ló jókòó tì mí, ṣé mo jẹ́ dán irú ẹ̀ wò?"

Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ yẹn ló bà mí lẹ́rù ju iná tó kọjá lọ. Ká ní kò rí iná ni, à bá ní kó lọ tọ́jú ojú rẹ̀. Ó rí i kedere. Ẹni tó lè mú un ni kò rí. Ọlọ́pàá kò lè dúró sí gbogbo oríta, adájọ́ kò sì lè bá wa wọkọ̀. Bí ẹ̀rí ọkàn àti ìgbàgbọ́ wa kò bá lè dá wa dúró níbi tí kò sẹ́ni tó ń wò wá, kí la wá ń ṣe àmín sí? Ọmọ ọlọ́mọ ni yóò sì máa gbé. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí mo bá fọwọ́ sí tirẹ̀ torí pé tiwa ni, ojú wo ni n ó fi wo ọmọ ẹlòmíràn tí mo ti dá padà? Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ síwájú orúkọ rẹ̀ pé kò yege.

Iléèwé náà ti gbà láti dúró títí yóò fi tún ìdánwò ṣe. Mo ti sọ fún ọ̀gá pé àjèjì ni kó jókòó tì í. Bó bá fẹ́ kí n máa kọ́ òun lẹ́yìn iṣẹ́, kó wá. Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, à á fi tòsì fà á mọ́ra.

Ọlọ́run yóò dá ọmọ rẹ sí. Ọ̀nà yóò là fún ẹ̀yin méjèèjì, ẹ kò ní pàdé aburú níbẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ, bí o tilẹ̀ ní o ò ní ọ̀kan.

Mo gbàgbé: Láàárọ̀ yìí, bí mo ṣe ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́, mo rí ọkọ rẹ lórí kẹ̀kẹ́ ní oríta kan náà. Iná pupa ni. Kò sí ọkọ̀, kò sí èèyàn. Ó fi ẹsẹ̀ kan tẹlẹ̀, ó dúró títí iná fi yí padà. Mo sá sẹ́yìn ògiri kó má baà rí mi. Jọ̀ọ́, má sọ fún un.