Góòlù Tí Màmá Ń Dúró Dè

Àbúrò mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó wa àtàwọn ọmọ. Ẹsẹ̀ ọkọ mi ti ń san. Owó oògùn tó o fi ránṣẹ́ dé, mo dúpẹ́.

Ọ̀rọ̀ Màmá ló ká mi lára. O rántí tẹlifíṣọ̀n eré ìdárayá agbègbè wa? Kásẹ́ẹ̀tì wọn ò pọ̀, ló fi jẹ́ pé bọ́ọ̀lù tó o gbá lọ́mọ ogún ọdún ni wọ́n ń fi hàn lọ́sọ̀ọ̀sán. Màmá tí iyè rẹ̀ ti rá gbà pé òní lò ń gbá a. Tó o bá ti gbá a sáwọ̀n, á pariwo "Ọmọ mi!", á wá lanu jẹun.

Wọ́n ta ilé iṣẹ́ náà lọ́jọ́ Ajé. Ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ni wọ́n ń fi hàn báyìí. Ọjọ́ mẹ́rin rèé, omi nìkan ló ń kọjá lọ́fun Màmá. Lánàá, ó di aṣọ mi mú: "Wọ́n ti ṣẹ́ ọmọ mi lẹ́sẹ̀, ẹ ń fi í pa mọ́ fún mi!"

Má fowó ránṣẹ́ mọ́. Ṣé owó ló ń wọ jẹ́sì ni? Jẹ́sì tó o wọ̀ lọ́jọ́ náà wà nínú àpótí, mo ti fọ̀ ọ́ dè ọ́. Ọlọ́run á mú ọ dé láyọ̀. Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ ni mo bẹ̀ ọ́: bọ́ọ̀lù yẹn ti parí láti ọdún mẹ́rìndínlógún sẹ́yìn, ìwọ nìkan lo ò tíì wálé.