Ẹ̀rọ Ló Ń Kí Yín Ní Jímọ̀, Ìyá Mi, Kì Í Ṣe Èmi

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Ẹ kú ọ̀fọ̀, ẹ kú ara fẹ́ra kù. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún Bàbá wa, mo kí Ìyá Ràfíà tó ń ṣe opó lọ́wọ́, mo kí Ràfíà ọmọ wọn, mo sì kí gbogbo agbo ilé wa ní Ìsẹ́yìn. Ọlọ́run á fi Àlùjánnà onídẹ̀ra kẹ́ Bàbá Ràfíà.

Ẹ má bínú pé gbangba ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí. Gbangba náà lẹ ti yìn mí. Ẹ sọ ọ́ fúnra yín nínú ohùn tí ẹ gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ sí mi pé ní gbogbo Jímọ̀, kí ẹ tó ká ẹní ìrun àsùbá, ìkíni mi á ti wọlé, àti pé ẹ máa ń gbé fóònù fún àwọn obìnrin àdúgbò kí wọ́n fojú ara wọn rí i. Mo gbọ́ pé àwọn kan tilẹ̀ ti fi mí bú ọmọ tiwọn. Níbi tí wọ́n ti yìn mí ló yẹ kí n ti jẹ́wọ́: ẹ̀rọ ló ń kí yín láti bí oṣù márùn-ún. Èmi ń sùn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ẹ mọ̀ pé ọ́fíìsì àwọn tó ń ta àga àti bẹ́ẹ̀dì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Kánádà níbí. Nígbà tí òtútù bẹ̀rẹ̀, tí yìnyín bo gbogbo ọ̀nà, ọ̀gá wa mú ètò tuntun kan wá lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tó ń so oríṣiríṣi áàpù mọ́ra wọn. Ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ máa sọ ohun tí ẹ fẹ́ fún un. Bí oníbàárà bá ti béèrè àga, á kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, á fèsì fún un, á sì sọ fún awakọ̀ ibi tó máa gbé e lọ. Iṣẹ́ tó máa ń jẹ odidi òwúrọ̀ mi á ti tán kí tíì mi tó tutù. Ìyá mi, ẹnu yà mí! Àfi bí ìgbà tí èèyàn bá gbé òwú sórí òfì, tó wá káwọ́ lẹ́rán, tí aṣọ ń hun ara rẹ̀. Ọ̀gá mi rí bí inú mi ṣe dùn tó, ó ní kí n lò ó fún nǹkan tèmi náà.

Mo jókòó, mo ro nǹkan tó ń gba àkókò mi. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́: ẹ̀yin ni mo rí.

Mo kọ ìkíni bíi mẹ́wàá sílẹ̀ pé kó máa pín in fún ẹ̀yin àgbà ilé ní àsùbá Jímọ̀, kó máa fi orúkọ oníkálukú sí i. Ìyẹn ò tó mi. Mo tún ní bí ẹ bá gba ohùn sílẹ̀ ránṣẹ́, kó tọ́jú rẹ̀ síbì kan títí ọwọ́ mi á fi dilẹ̀, kó sì dá yín lóhùn pé mo ti gbọ́, pé ẹ ṣeun, pé màá pè yín. Mo ti gbọ́! Èmi tí mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ọwọ́ mi ò sì dilẹ̀.

Yàrá kan ni mo ń gbé, mi ò mọ orúkọ ẹni tí ògiri wa jọ pààlà. Bí mo bá gbọ́ ohùn yín, tí mo gbọ́ ewúrẹ́ tó ń ké lẹ́yìn yín, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun mi mọ́ lọ́jọ́ náà. Mo máa ń sọ fún ara mi pé àárò ni mo ń sá fún. Àwáwí ni.

Lọ́jọ́ tí Bàbá Ràfíà, àbúrò Bàbá wa tó fọwọ́ ara wọn kọ́ mi ní aṣọ híhun, papò dà, Ràfíà ló pè mí. Ọjọ́bọ̀ ni. Mo sunkún, mo pè yín, a jọ sunkún. Mi ò rántí ẹ̀rọ. Nígbà tó di àsùbá Jímọ̀, ó kí gbogbo yín bó ṣe máa ń ṣe, ó sì kí olóògbé. Ọwọ́ Ìyá Ràfíà ni fóònù wọn wà. Wọ́n kà á pé mo kí Bàbá Ràfíà kú Jímọ̀, pé mo mọ̀ pé ara wọn le koko, pé kí wọ́n má jẹ́ kí iṣẹ́ pa wọ́n, kí wọ́n ṣẹ́ díẹ̀ kù fún ọ̀la.

Ràfíà ní ìyá òun ju fóònù sílẹ̀, wọ́n ní ṣé mo ń fi àwọn ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ẹ̀yin lẹ dìde láàárín àwọn tó wá bá wọn kẹ́dùn. Ẹ ní ọ̀fọ̀ ló da orí mi rú, pé ẹkún ò jẹ́ kí n rí ohun tí ọwọ́ mi ń tẹ̀. Gbogbo ilé bá ń bẹ̀bẹ̀ fún mi. Ìyá mi, irọ́ ni. Ẹ̀yin ò mọ̀ pé irọ́ ni, èmi mọ̀, mo sì dákẹ́.

Ọjọ́ yẹn ni mo tó ṣí ibi tí ẹ̀rọ kó ohùn yín sí. Mẹ́tàdínlógún ni mo bá níbẹ̀. Ẹ ní Bàbá Ràfíà ń ṣàìsàn, ẹ̀rọ ní mo ti gbọ́. Ẹ ní wọ́n ń béèrè mi, ẹ̀rọ ní ẹ ṣeun. Nínú ọ̀kan, Bàbá Ràfíà fúnra wọn gba fóònù lọ́wọ́ yín. Wọ́n ń wúkọ́. Wọ́n ní àwọn fẹ́ hun aṣọ ìgbéyàwó mi sílẹ̀, pé ṣé ẹtù ni mo fẹ́ àbí sányán, kí àwọn lè mọ òwú tí àwọn máa gbé sórí òfì. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta ohùn wọn tún dé, wọ́n ní mo ní mo ti gbọ́, àmọ́ mi ò sọ èwo tí mo fẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ó ní láti jẹ́ pé mo fẹ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ ìyàwó ná. Ẹ̀rọ tún ní mo ti gbọ́. Mo bi Ràfíà léèrè, ó ní òfì wọn ṣófo títí wọ́n fi kú, pé èmi ni wọ́n ń dúró dè.

Mi ò di ẹ̀bi ru ẹ̀rọ. Ohun tí mo bẹ̀ ẹ́ ló ṣe, kò sì fi ọjọ́ kan pẹ́. Mo ṣì ń lò ó ní ọ́fíìsì, nítorí àga ò ní ìyá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí Ràfíà ka lẹ́tà yìí sókè. Kí Ìyá Ràfíà gbọ́ ọ, kí àwọn obìnrin tí ẹ máa ń fi fóònù hàn náà gbọ́ ọ. Mo mọ̀ pé ojú á ti ẹ̀yin náà, èmi ni mo sì kó o bá yín. Ẹ bá mi kí gbogbo wọn. Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí, ẹ ò ní fojú sunkún ọmọ, Ọlọ́run á sì jẹ́ kí n tún rí ojú fi wò yín.

Mo ti yọ orúkọ yín kúrò nínú ẹ̀rọ náà. Láti ìsinsìnyí lọ, ìkíni mi lè dé lọ́sàn-án, ó lè dé ní Sátidé, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì lè má dùn tó ti tẹ́lẹ̀. Bí Jímọ̀ bá wá kọjá tí ẹ ò gbúròó mi rárá, tí wọ́n bi yín léèrè, ẹ má bá mi wá àwáwí kankan mọ́. Ẹ sọ fún wọn pé Mútíù ò kí yín.

Èmi ni ọmọ yín tí ojú ń tì,
Mútíù