Òórùn Epo Inú Ọkọ̀ Mi

Rikubetsu,
Hokkaido.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejì, ọdún 2019.

Mineko, ọ̀rẹ́ mi àtìgbà èwe,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Kagoshima lọ́hùn-ún? Ṣé orúnkún rẹ ti ń gbọ́ tìrẹ díẹ̀? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ó ti jáwọ́ nínú sìgá? Òtútù ibí ò ṣeé fẹnu sọ, àmọ́ mo ṣì wà.

Láti oṣù kìíní, bí mo bá ti ṣíná ọkọ̀ láàárọ̀, òórùn epo pẹtiróòlù á gba gbogbo inú rẹ̀. Mo kọ́kọ́ fura sí kẹ́ẹ̀gì kẹrosíìnì tí mo máa ń gbé sẹ́yìn. Mo gbé e kúrò, òórùn ò lọ. Mo ránṣẹ́ sí Kunihiro ọmọ mi ní Sapporo. Ó wá, mo ti ṣíná ọkọ̀ sílẹ̀ kó tó dé, a jọ wà á lọ bá Onodera mẹkáníìkì, ìrìn ogójì ìṣẹ́jú. Àwọn méjèèjì ki imú bọ inú ọkọ̀, wọ́n ní àwọn ò gbóòórùn kankan. Wọ́n wá wo ara wọn. Ojú lọ̀rọ̀ wà, Mineko.

Bá a ṣe délé, Kunihiro ní, "Màmá, ẹ ti pé ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Ẹ jẹ́ ká dá láísẹ́ńsì ìwakọ̀ yín padà fún ọlọ́pàá bí àwọn àgbà yòókù ṣe ń ṣe. Mo ti tún yàrá kan ṣe fún yín lọ́dọ̀ mi."

Ara fu mí. Bọ́ọ̀sì ò dé ọ̀dọ̀ wa mọ́; ẹni tó bá gba ọkọ̀ lọ́wọ́ mi ti gba ilé mi. Mo ní, "Sùn síbí. Láàárọ̀ ọ̀la, ìwọ lo máa ṣíná rẹ̀, ká wá wo ẹni tí imú rẹ̀ ń purọ́."

Nígbà tílẹ̀ mọ́, Kunihiro ṣíná ọkọ̀, kò tíì jókòó dáadáa tó fi sáré jáde, tó ń wúkọ́. Onodera wá bá ọkọ̀ náà nínú òtútù níbi tó wà, ó sì rí i. Rọ́bà kékeré kan lẹ́nu ọ̀nà epo ló ń súnkì bí òtútù bá mú, tí epo ń jò. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná, rọ́bà á tún wú, á dí i pa. Ọkọ̀ ti gbóná ká tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́sí. Ó pààrọ̀ rọ́bà náà.

Kunihiro tẹrí ba, ó bẹ̀ mí títí, inú mi sì rọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń gbọn yìnyín kúrò lára kóòtù rẹ̀, mo rí fọ́ọ̀mù ìdápadà láísẹ́ńsì nínú àpò. Ó ti kọ orúkọ mi sí i, òǹtẹ̀ orúkọ mi tí mo máa ń tẹ̀ dípò ìfọwọ́sí nìkan ló kù. Ọjọ́ tó kọ sí i, oṣù kejìlá ni. Ní oṣù kejìlá, ọkọ̀ mi ò tíì rùn.

Ó dùn mí. Mo dá ìwé náà padà sápò, mo se ọbẹ̀ míso fún un, ó jẹun, ó lọ.

Òǹtẹ̀ mi ló wà nínú àpòòwé yìí. Bá mi fi pamọ́. Bí Kunihiro bá pè ọ́, o ò rí nǹkan. Kí ọkọ rẹ fún mi.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí imú rẹ̀ ṣì pé,
Tokiwa.