Garrett Kò Dá Aṣọ Padà

Dwight ọmọ mi,

Ṣé ara ìyàwó rẹ ti gba òtútù Alaska? Ọmọ ńkọ́, ṣé ó ti ń sùn? Bàbá rẹ ń kí ọ. Orúnkún rẹ̀ ti fúyẹ́ díẹ̀. Bàbá àgbà ní àgbàdo yọmọ lọ́dún yìí.

Ọ̀rọ̀ tó mú mi kọ̀wé ni ti Garrett àbúrò rẹ. Nínú ìdíje bọ́ọ̀lù àfọwọ́jù Amẹ́ríkà méjì àkọ́kọ́ lọ́dún yìí, orí òun àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣọ́ ẹ̀yìn ni àwọn alátakò ń ju bọ́ọ̀lù gbà. Gbogbo ìlú ní wọn ò mọ nǹkan kan. Ni ọmọ náà bá ká aṣọ eré rẹ̀, ó fẹ́ lọ dá a padà.

Bàbá àgbà jágbe mọ́ ọn: "Ọ̀sẹ̀ méjì péré lo fi ń dájọ́ ọdún? Kò sẹ́ni tó mọ bọ́ọ̀lù í jù bí ẹgbẹ́ méjì tẹ́ ẹ bá pàdé yẹn ní gbogbo Nebraska! Gbé aṣọ sílẹ̀, jẹun!"

Fúráìdé tó kọjá, ẹgbẹ́ ìlú Wexley, tí ẹnikẹ́ni kò tíì nà lọ́dún yìí, wá bá wa gbá. Wọ́n ju bọ́ọ̀lù nígbà ọgbọ̀n. Mẹ́jọ péré ni wọ́n rí hán. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú kan, tí a fi àmì mẹ́ta ṣíwájú, wọ́n ju èyí tí ì bá pa wá. Garrett fò sókè, ó já a gbà mọ́ wọn lọ́wọ́! Mo ké títí ohùn mi fi há.

Ọ̀gbẹ́ni Novotny, olórí àwọn tó ń bú wọn, sáré wá bá Bàbá àgbà: "Bàbá, ẹ foríjì mí."

Bàbá àgbà dá a lóhùn: "Èmi kọ́, ọmọ yẹn ni kó o lọ bẹ̀!"

Ó sì lọ bẹ̀ ẹ́ lójú gbogbo ayé.

Jọ̀ọ́, pe àbúrò rẹ. Ìyìn tìrẹ ló kù tó ń retí. Ọlọ́run á mú ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wálé láyọ̀.

Ìyá rẹ,
Loretta